Lẹ́tà Tí Ojú Kò Rí

Ǹjẹ́ Ọlọ́run nílò àmì ohùn? Bàbá Ìjọ ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobè, tọkàntọkàn ló sì fi bèèrè. Ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan la jọ ń yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ ìyá náà kò sì jáde bó ṣe yẹ. Bàbá ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò, kí n tẹ ABEKE gàdàgbà, kí ìwé lè tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ó ní, “Ọmọ mi, Ẹni tó dá a mọ̀ ọ́n. Kò ní ṣì í pè.” Mo fèsì fún un lọ́jọ́ náà, àmọ́ èsì ojú ẹsẹ̀ kò kájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń rò ó látìgbà náà, mo sì rí i pé inú kọ̀ǹpútà tó ń yọ wá lẹ́nu gan-an ni apá kan ìdáhùn náà wà.

Sakété ni wọ́n bí mi sí, Pobè ni mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé. Ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ wá, tó gba Sakété kọjá sí Pobè títí dé Kétu, ni àwọn oníbàárà mi ń gbà. Wọ́n ń mú orin ìjọ wá, wọ́n ń mú ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìkómọjáde wá, àdúrà tí àwọn Mùsùlùmí fẹ́ pín níbi fìdáù, ẹsẹ Ifá tí babaláwo kan fẹ́ kí ọmọ òun rí kà. Ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà ni mo fi mọ Yorùbá kà, kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ìlànà ìkọ̀wé ti orílẹ̀-èdè Benin tiwa, èyí tó ń lo ɛ àti ɔ. Debian ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, LibreOffice ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ ìyá tó lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé Kútọnu ti ṣe ìwé náà dé ìdajì kó tó gbé e wá sínú clé USB. Ó kó fọ́ǹtì kan mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń lọ́ kọrọkọrọ bí ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, torí ó fẹ́ kí orúkọ ìyá òun dùn ún wò lójú ìwé àkọ́kọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ti kọ́kọ́ gbé e lọ. Lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, lẹ́yìn b àti lẹ́yìn k, àpótí kéékèèké tó ṣófo ló jáde. Ẹbí figbe ta. Àbúrò olóògbé ní ṣé bí wọ́n ṣe máa sin ẹ̀gbọ́n òun láìlórúkọ nìyí. Ìyẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi, Bàbá Ìjọ sì tẹ̀ lé wọn wá.

Mo gbé fọ́ǹtì náà sínú fólídà ~/.local/share/fonts, mo pàṣẹ fc-cache -fv kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé àlejò dé, mo ṣí ìwé náà. Kò sí àpótí kankan. Orúkọ jáde látòkè délẹ̀, ọmọ náà sì mí kanlẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣeun, ó ti dáa.” Kò tíì dáa. Mo mú orúkọ náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kó wò ó. À, b àti k lọ́ kọrọkọrọ bó ṣe fẹ́. Àwọn ẹ méjèèjì dúró ṣánṣán láàárín wọn, wọ́n nípọn ju àwọn yòókù lọ, àmì ohùn tó wà lórí èyí tó gbẹ̀yìn sì yẹ̀ sápá ọ̀tún, kò jókòó sórí lẹ́tà tó ni ín. Ará ibòmíràn ni lẹ́tà méjì yẹn nínú orúkọ márùn-ún-lẹ́tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú àwòrán lẹ́tà, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń tọ́jú. Àwọn tó ń ṣètò Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà 1EB9, wọ́n fún àmì ohùn òkè ní 0301, wọ́n fún ti ìsàlẹ̀ ní 0300. Fọ́ǹtì ló ń sọ bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí lójú. Mo lo àṣẹ fc-query lórí fáìlì fọ́ǹtì tí ọmọ náà gbé wá, mo wo àwọn èdè tó lè kọ: fr wà níbẹ̀, yo kò sí níbẹ̀. Kò sí ohun tí èdè Faransé ń fẹ́ tí kò ní, é, è, ê, ç, gbogbo rẹ̀ pé. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní àmì tó lè gun orí lẹ́tà mìíràn. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan, tí kò sì sí ẹni tó wá a lọ síbòmíràn, àwòrán àkọ́kọ́ inú fọ́ǹtì, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo tí wọ́n ń pè ní .notdef, ló máa ń jáde. Àpótí òfìfo nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ohun kan wà tó ń wá a lọ síbòmíràn. Fontconfig lorúkọ rẹ̀, Keith Packard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ló sì ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò orí Linux yan fọ́ǹtì.

Bí ẹ bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ dán ohun kan wò. Ẹ tẹ fc-match, kí ẹ fi orúkọ fọ́ǹtì tí kò sí láyé yìí tẹ̀ lé e. Mo tẹ “Fonti Iya Mi”, orúkọ tí mo hùmọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé DejaVu Sans. Kò ní òun ò mọ̀ ọ́n. Kò ní kí n tún un sọ. Ohunkóhun tí ẹ bá bi í, yóò fa èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ yọ, bí ẹ bá sì fi -s kún àṣẹ náà, yóò to gbogbo àwọn tó lè rọ́pò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra. Àánú ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó ń ka ìwé kò gbọdọ̀ pàdánù ọ̀rọ̀ nítorí pé fọ́ǹtì kan kò sí nílé, èmi náà sì ti jẹ àǹfààní àánú yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀ ó ń kọ mí lóminú. Ìránṣẹ́ tó padà wá sọ pé òun ò bá onílé nílé ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn lórúkọ onílé, iṣẹ́ mìíràn ló jẹ́. LibreOffice máa ń gbìyànjú díẹ̀ láti sọ òótọ́: bí fọ́ǹtì tí ìwé ń fẹ́ kò bá sí, ó ń kọ orúkọ fọ́ǹtì náà ní dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àpótí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́ǹtì wà, tó jẹ́ lẹ́tà méjì péré ni kò ní, ojú yín nìkan ló lè kì yín nílọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi bu ọlá fún àpótí òfìfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pa ẹbí yẹn lẹ́kún. Ó jẹ́wọ́. Ó ní ohun kan wà níbí tí èmi kò lè fi hàn yín. Ká ní kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé náà ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi tèmi ni, wọn ì bá ti tẹ ìwé náà jáde, wọn ì bá ti pín in, orúkọ ìyá náà ì bá sì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn bí aṣọ tí wọ́n fi ègé aṣọ mìíràn lẹ̀ láìsọ fún ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn pàápàá, mo gbà pé ẹni tó ní “ibí yìí kò yé mi” sún mọ́ òtítọ́ ju ẹni tó ní èsì fún ohun gbogbo lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjọ jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ó ní orúkọ kì í sọnù níwájú Ọlọ́run nítorí pé a kò rí i. Mo fẹ́ wo bóyá òótọ́ ni. Mo ṣí ojú dúdú tí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo da orúkọ náà kọ látinú ìwé, mo fi xxd, àṣẹ tó ń fi nọ́ńbà inú fáìlì hàn, wò ó láìfi aṣọ bò ó. Ohun tó jáde nìyí: c3 80 fún À, 62 fún b, e1 ba b9 cc 80 fún ẹ̀ (e1 ba b9 ni bí 1EB9 ṣe ń rí nígbà tí a bá tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì), 6b fún k, e1 ba b9 cc 81 fún ẹ́. Ó pé. Ní gbogbo ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé ń rí àpótí, tí èmi ń rí lẹ́tà àlejò, orúkọ náà wà ní pípé lábẹ́ wọn, àmì rẹ̀ kan kò yẹ̀. Ẹnu ya ọmọ náà. Ó ní, “Ó wà níbẹ̀ látijọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àbí mo gbà gbọ́ pé ó wà níbẹ̀? Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ méjì, bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá jíròrò títí, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Ohun tí àwọn oníṣègùn yẹn dì mú ni pé ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tó sì yé e, òun nìkan ló lè ní òun mọ̀. Èyí tí a sọ fún un, bó ti wù kó dá a lójú tó, ó gbà á gbọ́ ni. Òfin yìí le, mo sì fẹ́ràn líle rẹ̀. Bí mo bá fi wọn ara mi, wàhálà dé. Mo rí e1 ba b9. Àmọ́ ta ló ya e1 ba b9 náà sójú fún mi? Fọ́ǹtì mìíràn ni. Kò sẹ́ni tó tíì rí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ní ìhòhò. Nǹkan kan ló máa ń gbé e wá fún ojú wa nígbà gbogbo, nǹkan náà sì lè ṣì wá lọ́nà. Bí a bá lọ ibi tó jìn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìgbàgbọ́ la bá níbẹ̀.

Kì í ṣe ìgbàgbọ́ afọ́jú, nítorí ó ṣeé dán wò. Mo yan orúkọ náà, mo fi Gentium Plus rọ́pò fọ́ǹtì kọrọkọrọ. Gentium yìí, Victor Gaultney ló yà á, àjọ SIL ló ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Charis SIL àti Noto Serif náà tó bẹ́ẹ̀. Mi ò tẹ lẹ́tà kan kún un, mi ò pa ọ̀kan rẹ́. Àbẹ̀kẹ́ jáde, àmì abẹ́ jókòó sábẹ́, àmì ohùn jókòó sórí, gbogbo lẹ́tà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ohun tí a kò rí ti dúró de ohun tí yóò fi í hàn.

Èyí ni mo fi dá Bàbá lóhùn, ibẹ̀ sì ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ pé kò sọnù. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ABEKE bí ẹ ṣe wí, ìgbà yẹn ló máa tó sọnù.” Bí a bá fi xxd wo ABEKE, 41 42 45 4b 45 ni. Kò sí fọ́ǹtì láyé tó lè mú ohùn jáde látinú ìyẹn, nítorí kò sí níbẹ̀. Ohun tó fara sin àti ohun tí a pa rẹ́ lè jọra lójú ẹni tó ń wò wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn tó ń sọ pé ojú kò rí Ọlọ́run, nítorí náà kò sí, ti pa méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ń sọ pé ohun tí a pa rẹ́ kò ṣe nǹkan kan, Ọlọ́run ṣá mọ̀, àwọn náà ti pa méjèèjì pọ̀ láti apá kejì.

Bàbá ní, “Ta wá ni àmì náà ń ṣe láǹfààní?” Mo rán an létí àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ní Sakété àti Pobè. Nínú àwọn Kùránì àkọ́kọ́, àmì tó ń tọ́ ẹnu sọ́nà kò sí bó ṣe wà lónìí. Abu al-Aswad al-Du'ali ni ìtàn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì tọ́ka sí fáwẹ̀lì, lẹ́yìn tí Ìsìláàmù ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Lárúbáwá. Kò sí ẹni tó ní Ọlọ́run ló nílò àmì yẹn kó tó mọ ohun tí Òun sọ. Àwọn òǹkàwé ló nílò rẹ̀, ní pàtàkì àwọn tí kò gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ètò ìsìnkú náà kì í ṣe lẹ́tà sí Ọlọ́run. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní ọmọ-ọmọ tí kò tíì dé Pobè rí, tí yóò jẹ́ pé orí ìwé yìí nìkan ni wọ́n á ti pàdé ìyá ńlá wọn. Gbólóhùn ṣeé méfò látinú ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Orúkọ dá dúró ni, kò sí ohun tó yí i ká tí yóò sọ bí a ṣe ń pè é. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo rò pé ó parí, àfi ìgbà tí ọmọbìnrin olóògbé dé. Ó máa ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà. Ó wo orúkọ náà, ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ wa kọ́ nìyí, pé Àbɛ̀kɛ́ ni kí n tẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ní 1975 ni Benin gbé álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ilẹ̀ náà kalẹ̀, CENALA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ èdè níbẹ̀, sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Èyí tí ọmọkùnrin ń lò ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ìjọ CMS ti ṣèpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875, òun ni Bíbélì sì fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìbéèrè tó wá kù ni ẹni tó lè sọ pé ohun méjì jẹ́ ọ̀kan. Bí mo bá kọ́kọ́ tẹ e, tí mo fi àmì ohùn sí i, tí mo wá fi àmì abẹ́ kẹ́yìn, Unicode ní ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tí mo fi àmì abẹ́ ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Bí mo bá lo ìlà kékeré tó dúró lóòró lábẹ́ lẹ́tà, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe ń ṣe, nọ́ńbà 0329, Unicode ní ìyẹn yàtọ̀. Lójú rẹ̀, ẹ àti ɛ kò bára tan rárá, bẹ́ẹ̀ ẹnu wa kan náà ló ń pe méjèèjì. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná: àárín àwọn lẹ́tà Vietnam ni nọ́ńbà ẹ wà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohùn ni àmì abẹ́ yẹn ń tọ́ka sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń sọ bí a ṣe máa la ẹnu. Nọ́ńbà kan, lẹ́tà méjì. Pátákó ojú ọ̀nà wa náà kọ Pobè, ó kọ Sakété. Ọmọ iléèwé Faransé rí i pé kí òun la ẹnu sí i ní ti àkọ́kọ́, kí òun há a ní ti kejì. Ẹni tó fi ojú Yorùbá kà á gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ níbi kan àti ohùn òkè níbi kejì. Kò sí nínú àwọn méjèèjì tó ṣi àmì náà kà.

Nítorí náà n kò gbà pé inú àwòrán ni lẹ́tà ń gbé, n kò sì gbà pé inú nọ́ńbà ló ń gbé. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ìpàdé àwọn èèyàn ló bí i. Inú àdéhùn àwọn tó ń kà á ni lẹ́tà wà, láàárín òkú àti alààyè, ìyẹn ni ẹ̀rọ kan ò fi lè dá a dúró fúnra rẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onísìn yóò fẹ́ kí ohun tó jẹ́ òtítọ́ dúró síbi kan tí ọwọ́ èèyàn kò dé. Ní ti Ọlọ́run, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti lẹ́tà, ọwọ́ wa ló wà, ẹrù rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa.

Mi ò yan fún wọn. Mo ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ ní Àbẹ̀kẹ́ torí ìjọ ló ń sìnkú náà, mo ṣe ìtàn ìgbésí ayé tí ọmọbìnrin kọ ní ɛ àti ɔ láti òkè délẹ̀, Gentium Plus ló sì gbé méjèèjì láìyọ wá lẹ́nu. Mo fi fọ́ǹtì náà sípò àkọ́kọ́ fún serif nínú fonts.conf, mo sọ ìwé di PDF, mo fi àṣẹ pdffonts yẹ̀ ẹ́ wò: yes ló wà lábẹ́ emb ní gbogbo ìlà, ìyẹn ni pé fọ́ǹtì ti wọ inú ìwé, kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò tún ní nǹkan kan láti méfò. Ó ku kí ẹni tó bá ń wá ìyá náà rí i, torí ẹni tó bá fi ẹ wá a kò ní bá èyí tí a fi ɛ kọ. Mo ṣí ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ àwárí sí nínú fáìlì náà, mo kọ orúkọ náà síbẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, mo sì kọ èyí tí kò ní àmì rárá fún ẹni tó bá jẹ́ kíbọọ̀dù Faransé nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kò tíì fẹnu kò lórí èyí tí wọ́n máa gbẹ́ sára sàréè. Òkúta kì í gba fọ́ǹtì méjì, mo sì ti ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn kí wọ́n tó pe agbẹ́kùúta.